Oògùn Ikọ́ Tó Di Oògùn Olóró: Ìtàn Ìlòkulò Oògùn Nílẹ̀ Wa

A kò gbé ẹ̀fẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ti wà nílẹ̀ láàárín wa láti ìgbà tí ọ̀kan nínú wa ti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ̀rọ̀ náà kàn. Ìyá wọn ń gbálẹ̀ yàrá lọ́jọ́ kan, ló bá rí ìgò oògùn ikọ́ mọ́kànlá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn ló ti ṣófo. Ìyá káwọ́ lérí. Kì í ṣe pé ó bínú, àánú ọmọ ló ṣe é. Ó rò pé ikọ́ burúkú kan ló ń bá ọmọ òun fínra, tí ọmọ náà kò fẹ́ sọ kí òbí má baà náwó. Màmá lọ ra orógbó àti oyin, wọ́n wá ewé, wọ́n se àgbo ikọ́ fún un. Ẹ̀gbọ́n gba àgbo, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì mu ún. Oṣù mẹ́rin kọjá kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó mọ̀ pé ikọ́ kọ́ ló ń ṣe é.

Ìyá yìí kan náà ló ti ń kìlọ̀ fún wọn láti kékeré pé kí wọ́n má ṣe sún mọ́ oògùn olóró. Báwo ni ẹni tó ń kìlọ̀ oògùn olóró ṣe dì í mú lọ́wọ́ tí kò mọ̀ ọ́n? Ìbéèrè yìí ló gbé wa dé inú ìtàn. A rí i pé orúkọ ló kọ́kọ́ ṣi màmá lọ́nà. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Bóyá a kò wo ilé dáadáa kí a tó sọ oògùn lórúkọ.

Oògùn ni oògùn ń jẹ́

Nínú èdè wa, ohun tí oníṣègùn fi wo ibà, oògùn ni. Ohun tí ọdẹ so mọ́ apá, oògùn ni. Èyí tí a fi ń pa ẹ̀fọn, oògùn ni. Èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lá kó má baà gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ, oògùn ìsọ̀yè ni. Àwọn baba wa kò pààlà sáàárín wọn, nítorí lójú tiwọn, agbára tó lè tún ara ṣe náà ló lè bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí oògùn fi máa ń ní èèwọ̀. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ kì í kàn na àgbo síni. Yóò sọ iye ife, yóò sọ ìgbà tí a ó mu ún, ohun tí a kò gbọdọ̀ jẹ mọ́ ọn, àti ọjọ́ tí a ó dáwọ́ dúró. Àgbo ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà, aláboyún sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

A kò ní kí ẹ gbà pé ohun gbogbo ló dára láyé àtijọ́ o. Paraga tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, tó jẹ́ egbò àti èèpo igi tí wọ́n rẹ sínú ọtí líle, orúkọ àgbo ni wọ́n fi ń tà á. Awakọ̀ tó gbé e mì láàárọ̀ kùtùkùtù á ní jẹ̀díjẹ̀dí lòun ń wò.

Èdè wa tún ní ọ̀rọ̀ fún ìwà tó ti wọ ènìyàn lára tí kò ṣeé jáwọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Bárakú là ń pè é. Tí a bá fetí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ó ń dún bí ohun tí yóò bá ara kú. Àwọn àgbà sì ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Torí náà, kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ irú àìsàn yìí tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó dé lẹ́yìn ló dá wàhálà sílẹ̀: oògùn olóró. Èdè ìròyìn àti èdè ìjọba ni. Nígbà tí rédíò bá pè é, igbó ni wọ́n ń wí, tàbí kokéènì, tàbí ohun funfun tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní gbánà. Oró náà dà bí oró ejò, tàbí oró àkeekèé. Ta ló máa rò pé oró wà nínú ìgò tí wọ́n tà fún un ní kẹ́mísì, tí wọ́n kọ iye ṣíbí tí ọmọdé lè mu sí lára?

Ọ̀rọ̀ ikọ́ ti pẹ́ nínú ìtàn yìí

Kódíìnì tí à ń sọ yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ara oje òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní opium ló ti jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ará Jámánì kan, Friedrich Sertürner, yọ mọ́fíìnì jáde nínú oje náà. Ní 1832, ará Faransé kan, Pierre Jean Robiquet, rí kódíìnì nínú oje kan náà. Kódíìnì kò lágbára tó mọ́fíìnì, ó sì dára fún ìrora àti ikọ́. Àwọn oníṣègùn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Nígbà tó di 1898, ilé iṣẹ́ Bayer ní Jámánì gbé oògùn tuntun kan jáde fún ikọ́. Wọ́n ní ó dára ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé kì í di bárakú bíi mọ́fíìnì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Heroin. Bẹ́ẹ̀ ni o, heroin tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn ní pápákọ̀ òfurufú lónìí, oògùn ikọ́ ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń tà á. Nígbà tó fi máa di 1913, ilé iṣẹ́ náà ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró, ṣùgbọ́n ẹyẹ ti fò kúrò nínú àgò.

Ní 1977, ilé iṣẹ́ Jámánì mìíràn, Grünenthal, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tramadol fún ìrora. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ kò yàtọ̀: ó ń ṣiṣẹ́ bíi ti mọ́fíìnì, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kéré. Tí ẹ bá to àwọn ọdún wọ̀nyí tẹ̀léra, ẹ ó rí i pé orin kan náà ni wọ́n ń kọ nígbà gbogbo. Èyí tuntun ni kò léwu. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti wọ ilé gbogbo ènìyàn la tó ń mọ̀.

Kẹ́mísì dé Èkó, àtíkè oògùn dé Abẹ́òkúta

Ìtàn ilé ìtajà oògùn òyìnbó nílẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ní 1887, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Bailey gba ìwé àṣẹ láti máa ta oògùn níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni kẹ́mísì ti ń tàn káàkiri, títí tó fi dé orígun àdúgbò gbogbo.

Àwọn ọmọ Yorùbá pàápàá kò dúró lẹ́yìn. Jacob Ṣógbóyèga Odulate, ọmọ Ìkòròdú tó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùgbé, bẹ̀rẹ̀ oògùn Alábùkún ní 1918. Aspirin ló wà nínú àtíkè náà pẹ̀lú káfíìnì, èròjà tó wà nínú obì àti kọfí. Odulate mọ bí a ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Ó tẹ kàlẹ́ńdà jáde, ó sì fún oògùn rẹ̀ ní orúkọ Yorùbá tó wọ etí. Ó tó ohun ìwúrí pé ọmọ ilẹ̀ wa ṣe irú èyí ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ṣì ń tà á títí dòní.

Ṣùgbọ́n bí oògùn ṣe ń wọ́pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sọ iye tí a ó lò ń dín kù. Oníṣègùn ìbílẹ̀ ń wo ojú aláìsàn kó tó fún un ní nǹkan. Dókítà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta oògùn nínú bọ́ọ̀sì kò wo ojú ẹnì kankan, owó ló ń wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń lọ sí kẹ́mísì tí a ó ní, “Ẹ bá mi po oògùn ara ríro.” Wọ́n á da funfun, pupa àti àwọ̀ ìyeyè pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, a ó gbé e mì, a kò ní bi wọ́n léèrè orúkọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Paracetamol tí gbogbo wa kà sí ohun eré, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lò ju mẹ́jọ lọ lóòjọ́ tó bá jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta mílígíráàmù. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Aspirin tí a ń lò lójoojúmọ́ láìgba àṣẹ lè dá ọgbẹ́ sí inú, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa jáde níbẹ̀. Oògùn ni wọ́n, kì í ṣe gúgúrú.

Igbó àti òfin ikú

Ẹ jẹ́ ká padà sí èyí tí ìjọba ń pè ní oògùn olóró. Ìtàn tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé àwọn ọmọ ogun wa tí wọ́n lọ jà ní Búmà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló mú irúgbìn igbó bọ̀ láti apá Íńdíà. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ náà tọ́ka sí Íńdíà. Ní ti Yorùbá, igbó lásán la pè é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nítorí inú igbó ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, tàbí nítorí pé ewé ni. Bó ti wù kó rí, nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1960, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tọ́láni Asuni kọ̀wé nípa igbó ní Nàìjíríà ní 1964 nínú ìwé ìròyìn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo kọ tirẹ̀ síbẹ̀, lórí bárakú oògùn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ni àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́. Ẹ kíyè sí i: àwọn oníṣègùn wa ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí àìsàn láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ọ̀nà mìíràn ni ìjọba gbà. Ní 1966, ọdún àkọ́kọ́ tí sójà gba ìjọba, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tó bá gbin igbó lè gba ìdájọ́ ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Igbó kò tán. Ní 1975, wọ́n yọ ìdájọ́ ikú kúrò. Ní 1984, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Buhari, ìdájọ́ ikú tún padà wá nínú Òfin 20, lọ́tẹ̀ yìí fún kokéènì àti heroin. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn kò ju 30 lọ. Ohun tó mú kí ariwo pọ̀ ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ mú nínú wọn ti wáyé kí òfin náà tó jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 1986, ìjọba Babangida fagi lé ìdájọ́ ikú náà. Ní 1989, òfin tó dá NDLEA sílẹ̀ jáde.

Ohun tí a rí nínú ìtàn yìí ni pé láàárín ogún ọdún, ìdájọ́ ikú wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ní gbogbo àkókò yẹn, ojú ìjọba wà lára igbó àti pápákọ̀ òfurufú. Kò sẹ́ni tó ń wo orí káńtà kẹ́mísì.

Ìgò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Orí káńtà yẹn ni kódíìnì gbà wọlé. Kò rùn bí igbó, kò ní èéfín, kò sì sí ọlọ́pàá tó máa tìtorí oògùn ikọ́ dá ọmọ dúró. Adùn ṣúgà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń dà á pọ̀ mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ní Èkó, wọ́n ní àdàlù kan tí wọ́n ń pè ní omi gọ́tà, tí kódíìnì, tramadol, igbó àti ohun mìíràn ń pàdé nínú ife kan. Tramadol náà ní tirẹ̀. Ìwọ̀n tí NAFDAC fọwọ́ sí kò kọjá 100 mílígíráàmù, ṣùgbọ́n oníhóró 225 ló kún ọjà. Awakọ̀, alágbàṣe àti ọlọ́kadà ń lò ó kí ó má baà rẹ̀ wọ́n. Wọn kò pè é ní oògùn olóró. Oògùn agbára ni wọ́n pè é.

Ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2018, BBC gbé fíìmù ìwádìí kan jáde tó fi bí wọ́n ṣe ń ta kódíìnì lábẹ́lẹ̀ hàn. Kò tó ọjọ́ méjì, tí Mínísítà Ìlera nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, fi kéde pé ìjọba ti fòfin de kíkó oògùn ikọ́ oní-kódíìnì wọlé àti ṣíṣe é ní Nàìjíríà. Wọ́n ní kí àwọn ilé iṣẹ́ lo dextromethorphan rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù kan náà, Íńdíà, tí ọ̀pọ̀ tramadol náà ti ń wá, fi tramadol sábẹ́ òfin oògùn olóró tiwọn.

Nígbà tí àbájáde ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti àwọn oníṣirò ìjọba jọ ṣe jáde, ojú gbogbo ènìyàn là. Nínú àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn lọ́nà àìtọ́ láàárín ọdún kan, ìyẹn ìdá 14.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó lo oògùn ìrora bíi tramadol àti kódíìnì jẹ́ mílíọ̀nù 4.6. Àwọn tó mu oògùn ikọ́ lọ́nà àìtọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 2.4. Apá ibo ló ga jù? Ọ̀dọ̀ tiwa ni, Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, pẹ̀lú ìdá 22.4. Nínú ènìyàn márùn-ún ní ilẹ̀ Yorùbá, ó lé ní ẹnì kan.

Ṣé òfin 2018 yanjú rẹ̀? Owó ìgò gòkè, àwọn afàyàwọ́ sì rí iṣẹ́ ṣe. Títí di ìsinsìnyí ni NDLEA ṣì ń kó ìgò kódíìnì mú. Dextromethorphan tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ pàápàá, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ mìíràn ti ń mu ún yó ṣáájú. Orin àtijọ́ náà ni.

Ohun tó ń ṣe ara

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní Yorùbá tó yéni. Bí kódíìnì bá dé inú ẹ̀dọ̀, ara yóò sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mọ́fíìnì. Mọ́fíìnì yìí yóò lọ sí ọpọlọ, yóò pa ìrora, yóò mú kí ara fúyẹ́, kí ìbànújẹ́ jìnnà. Ṣùgbọ́n ọpọlọ kì í fẹ́ kí àlejò máa ṣe iṣẹ́ onílé. Bó bá yá, ìwọ̀n àná kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgò kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin. Tí ẹni náà bá fẹ́ dáwọ́ dúró, ara á máa gbọ̀n, imú á máa da omi, inú á máa run ún, oorun á dá lójú rẹ̀. Kì í mu ún mọ́ nítorí adùn. Ó ń mu ún kí ara rẹ̀ lè balẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn.

Ibi tí ikú ti ń wọlé ni èémí. Irú oògùn yìí máa ń mú kí èémí falẹ̀, pàápàá tó bá pàdé ọtí tàbí oògùn oorun. Ẹni náà á sùn, èémí á máa dín kù, títí tí kò fi ní mí mọ́. Tramadol tó pọ̀ jù tún máa ń fa gìrì. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí ẹni tó mu irú nǹkan yìí tó ń hanrun lọ́nà tó ṣàjèjì, tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má ṣe da omi tútù lé e lórí, ẹ má sì fi epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ dà á dojú kọ ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ ohun tó mu fún dókítà. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní naloxone tó lè dá èémí padà tó bá tètè dé ara.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ gáréèjì nìkan ni. Ní 1960, dókítà kan tó ṣiṣẹ́ ní Arò, Raymond Prince, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí wọn ń gbóná, tí ojú wọn kò fẹ́ ríwèé mọ́, tí ohun tí wọ́n kà kò wọlé. Àwọn oníwádìí tó tẹ̀ lé e rí i pé àwọn kan nínú irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Nígbà tí a ka èyí, ẹ̀rín kọ́kọ́ pa wá, lẹ́yìn náà la dákẹ́. Ta ni nínú wa tí kò mọ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ìdánwò bá kù ọ̀sẹ̀ kan? Oògùn ìsọ̀yè tòde òní ni. Wọ́n á lo èyí tí ó lé oorun lọ lálẹ́, wọ́n á lo èyí tí ó mú oorun wá láàárọ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan ní yàrá ibùgbé ṣe é títí ó fi sùn gbọ̀ngbọ̀n lọ́jọ́ ìdánwò gan-an. A ń fi ṣe ẹlẹ́yà nígbà náà. Kò jọ wá lójú pé ó ń ṣàìsàn.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tàbí ìtọ́jú

Ní 1954, Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò. Àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn ń bá wọn gbé, wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe pọ̀. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ètò yìí gbajúmọ̀ kárí ayé, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé nígbà tó yá.

Ẹ wá wo 2019, ọdún 65 lẹ́yìn náà. Ní Ọ̀jọ́ọ̀ ní Ìbàdàn, kò ju ìrìn wákàtí díẹ̀ lọ sí Arò, ọlọ́pàá tú ènìyàn tó lé ní 250 sílẹ̀ nínú ilé kan tí wọ́n tì wọ́n mọ́. Ẹbí ló mú àwọn kan nínú wọn lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè jáwọ́ nínú oògùn. A kò gbọdọ̀ sáré bú àwọn ẹbí náà. Tí òfin bá ń pe ọmọ rẹ ní ọ̀daràn, tí àdúgbò ń pè é ní ọmọ burúkú, ibi tí wọ́n ti lè gbé e pamọ́ ni wàá wá. Ìtìjú ló ń kó ẹlòmíràn dé ìdí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Iṣẹ́ tó kàn wá

Àwa kì í ṣe dókítà, a kì í sì í ṣe aṣòfin. Èdè Yorùbá là ń kọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tí a tọpinpin rẹ̀ yìí fi hàn wá pé iṣẹ́ èdè wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìkìlọ̀ tó wà lára ìgò oògùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sọ̀rọ̀. Màmá tó gbálẹ̀ yàrá yẹn kò lè kà á. Ká ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “Oògùn yìí lè di bárakú”, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, kò tó ìlà kan, ìbá yé wọn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni a rò pé ó yẹ kí á fẹ ẹnu ọ̀rọ̀ náà, oògùn olóró, kó gbòòrò sí i. Ohun tó ń sọ oògùn di olóró kò sí lára igbó tàbí ìyẹ̀fun funfun nìkan. Ó wà nínú iye tí a lò, ìdí tí a fi lò ó, àti ẹni tí a kò bi léèrè. Àwọn baba wa mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀kọ́ èèwọ̀ àti ìlò tó wà lẹ́nu oníṣègùn ayé àtijọ́ kò gbọdọ̀ ṣègbé nítorí pé oògùn ti wọ inú páálí.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn níkẹyìn. Ó lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ó padà sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún gbé e lọ. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí kò fọwọ́ kàn án. Ìyá wọn kò se àgbo ikọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìkọ́kọ́ bi í pé, “Ikọ́ gidi ni, àbí ikọ́ ìgò?” Gbogbo ilé máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n náà ń bá wọn rín in. Ọ̀rẹ́ wa sọ pé láti ọjọ́ tí ìbéèrè yẹn ti wà nílé àwọn, kò sí ìgò kankan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Ẹ bi àwọn ará ilé tiyín náà. Ká máa rí ire o.